Ẹ̀yìn Mi Yóò Kanlẹ̀

Ìyá mi pè láti Ìkìrun lálẹ́ àná,
ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ ò ní kanlẹ̀."
Mo ní àmín, mo fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́nu.
Ó di ọdún mẹ́tàlá tí mo ti wà nídìí ìjà yìí,
n ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lórí fóònù
pé ẹ̀yìn gan-an ni mo fi ń ṣiṣẹ́,
pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó dùbúlẹ̀ kò tíì ṣubú,
pé orúnkún mi méjèèjì ni géètì,
ẹni tó bá wọlé ni yóò máa wá ọ̀nà àbájáde.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù ká lọ Kàdúná.
Òṣùwọ̀n ní mo fi kílò méjì àti díẹ̀
ju ibi tí mo forúkọ sí lọ.
Níbi iṣẹ́, ní ìsédò Ùsúmà,
èmi ni mò ń yẹ omi tí ìlú ń mu wò;
nílé, ìdérí ìgò ni mo fi ń wọn tèmi.
Ọyẹ́ ti la ètè mi.
Ní ìkángun àdúgbò wa ní Kúbwà, Màlàm Sábíù ń fẹ́ná sí súyà,
èéfín rẹ̀ mọ yàrá tí mò ń sùn.
Mo ti fèrèsé. Mo ṣí i.
Mo tún tì í.

Nígbà tí mo ṣì ń san bẹ́líìtì funfun,
ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje ni mo máa ń pa ara mi:
màá sáré gun òkè Mpàpé kí ilẹ̀ tó mọ́,
màá bá gbogbo ẹni tó bá wọlé jà,
títí màá fi dé iwájú rẹfirí
bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ já.
Bítrus tó ń kọ́ wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó kàn tọ́ka sí orúnkún mi òsì: "Yẹn ńkọ́?"
Mo ní ó wà.
"Ó wà ni, àbí ó ń bẹ̀bẹ̀?"

Nítorí náà, nǹkan kan ṣoṣo ni èmi àti Mwuese ń ṣe lálaalẹ́:
di ọwọ́ aṣọ mú, kó já a gbà, tún un dì mú,
títí ìka mi ò fi lè ṣí kọ́kọ́rọ́ ilé.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, èémí rẹ̀ kì í tán.
Tèmi a máa tán,
ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ń tọ́jú díẹ̀ sí.
Ó rí ọrùn mi, ó fún un;
mo fọwọ́ lu ẹní lẹ́ẹ̀mejì kíákíá.
"Àǹtí, ẹ mà tètè fi sílẹ̀!"
Ọrùn ni n ó gbé lọ Kàdúná, Mwuese,
kì í ṣe ìgbéraga.

Àìsùn ni n ò rí oògùn rẹ̀.
Ní òru, ọmọbìnrin láti Jọ́ọ̀sì tó nà mí léṣìí
máa ń padà wá síbi tó ti ku ogójì ìṣẹ́jú-àáyá,
mo ń ṣíwájú, ọwọ́ mi yọ̀.
Ọwọ́ mi máa ń yọ̀ lójoojúmọ́.
Ìbẹ̀rù ò tíì fi mí sílẹ̀,
ó kàn ti mọ àga tó jẹ́ tirẹ̀ ni.
Mofẹ́yìntọ́lá, ọmọ mi, sùn tì mí,
ó di etí mi òsì tó ti wú bí àkàrà mú,
bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tó ti wà lọ́mú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá bọ ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́,
màá di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, màá jókòó,
màá fúnra mi fi ẹ̀yìn kan ilẹ̀ Kàdúná.
Màámi, ibẹ̀ ni kí àdúrà yín ti wá bá mi,
ẹ bá mi fi orúnkún kún un.

Mo ti sanwó igi súyà mẹ́fà sílẹ̀ lọ́wọ́ Màlàm Sábíù.
Mo borí o, mo pàdánù o,
ata rẹ̀ kì í yàtọ̀.